D. O. Fágúnwà, Apìtàn Tọmọdé-Tàgbà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Okokomaiko, mo ń retí kí ó kàn mí. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri, fíìmù kàtúùnù tí a ń pè ní Iwájú ni ó sì ń lọ lórí rẹ̀. Ní ọdún 2024 ni ilé-iṣẹ́ Disney ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé fíìmù náà jáde, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà kan tí ń pe ẹgbẹ́ wọn ní Kugali. Èkó ti ọjọ́ iwájú ni wọ́n yà sínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Tọlá, ó sì ní alángbá kan tí kì í ṣe alángbá ní tòótọ́, bí kò ṣe ẹ̀rọ tí a ṣe láti máa ṣọ́ ọ.

Àwọn ọmọdé bíi mẹ́jọ ti kó ara wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n na ọrùn wọ inú ilé. Bí alángbá náà bá ti yọjú ni wọ́n ń bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn nìkan kọ́ ni ó ń wòran. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí a ti gẹ irun rẹ̀ tán tipẹ́, tí ó ti san owó, tí kò sì lè jáde. Òun kò rẹ́rìn-ín sí alángbá. Níbi tí fíìmù náà ti fi àwọn olówó tí ń gbé ní erékùṣù hàn, tí ó sì fi ọmọ tálákà tí ń gbé ní òdìkejì omi hàn, ni mo rí i tí bàbá náà mi orí, tí ó sì mí kanlẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìbá ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan tí ó ti kú kí a tó bí mi ni mo ń rò. Ní ọdún 1938, kí tẹlifíṣọ̀n tó dé ilẹ̀ wa rárá, ó ti fi gègé àti tàdáwà ṣe ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Nínú ìtàn kan ṣoṣo, ó pa ọmọdé lẹ́rìn-ín, ó sì mú kí àgbà mí kanlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà.

Ní ọdún 1903 ni a bí i ní Òkè-Igbó, ìlú kan tí ó wà láàrin Ilé-Ifẹ̀ àti Oǹdó, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lóde òní. Dẹ́rìn Ológbénlá, jagunjagun láti Ifẹ̀, ni ó tẹ ìlú náà dó ní ayé ogun. Joshua Akíntúndé ni orúkọ bàbá Fágúnwà, Rachel Ọ̀ṣúnyọmí sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti di Kristẹni, ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí ọmọ náà jẹ́ ní kékeré: Oròwọlé. Nígbà tí ó yá, ó yí orúkọ náà padà sí Ọlọ́runfẹ́mi. Kò fi Fágúnwà sílẹ̀ ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ilé Ifá ni ìdílé náà ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá ka ìwé rẹ̀ yóò rí i pé kò kọ ọ̀kan sílẹ̀ nínú ilé méjèèjì tí ó bí i. Ọdẹ tí ń pe ọfọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, òun náà ni ó ń ké pe Ọlọ́run nígbà tí ọfọ̀ kò bá jẹ́ mọ́.

Bí orúkọ Òkè-Igbó ti rí, bẹ́ẹ̀ ni ìlú náà rí ní ìgbà èwe rẹ̀. Igbó kìjikìji ni ó yí i ká, àwọn ọdẹ ń wọ̀ ọ́ lóru, wọ́n sì ń ti inú rẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ẹran àti ìròyìn. Ní alẹ́, a ó pa àlọ́. Ẹ má ṣe rò pé ọmọdé nìkan ni ó ń jókòó sídìí àlọ́ ní ayé ìgbà náà. Ìyá àgbà tí ń ya ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ń gbọ́, bàbá tí ó fẹ̀yìn ti òpó ń gbọ́, bí apàlọ́ bá sì ṣi orin dá, àwọn àgbà wọ̀nyí ni wọn yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ sọ́nà. Ọmọdé ń gbọ́ bí ìjàpá ti jìn sí kòtò, àgbà sì ń gbọ́ orúkọ aládùúgbò tí ìjàpá náà ń bá wí. Àárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Fágúnwà dàgbà sí.

Ilé-ìwé St. Luke's ní Òkè-Igbó ni ó kọ́kọ́ lọ. Láti ọdún 1926 títí di ọdún 1929, ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tí ó jáde, kò kúrò ní Ọ̀yọ́, bí kò ṣe pé ó di olùkọ́ ní ilé-ìwé tí ó wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1939. Àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Àwọn tí ń kọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ a máa sáré kọjá níhìn-ín, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ kan náà kò lè sáré kọjá. Àgbà tí ọ̀rọ̀ bá sú yóò jókòó jẹ́ẹ́ nítorí ìtìjú. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ irú ìtìjú bẹ́ẹ̀, yóò sùn, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ ẹni tí ó jókòó tì í. Ẹni tí ó bá fi ọdún mẹ́sàn-án bá irú àwọn olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọn kò sì sùn, ti kọ́ ohun kan tí kò sí nínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ní ọdún 1936, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìgbà náà ṣe ìdíje fún àwọn tí ó lè kọ ìtàn ní èdè abínibí, nítorí pé ìwé tí ọmọ Yorùbá lè kà ní èdè rẹ̀ kò tó nǹkan. Fágúnwà kọ ìtàn sí ìdíje náà. Ní ọdún 1938 ni C.M.S. tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ rẹ̀ sì ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀.

Ó yẹ kí a rìn jìnnà díẹ̀ kúrò nílé níhìn-ín, nítorí pé ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun ní àkókò yìí gan-an. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Walt Disney. Ọdún 1901 ni a bí i, ó sì fi ọdún méjì péré ju Fágúnwà lọ. Ó ti pinnu láti fi àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ṣe fíìmù tí yóò gùn ju wákàtí kan lọ, ìtàn ọmọ ọba obìnrin kan àti àwọn aràrá méje. Iṣẹ́ ńlá ni. Kí àwòrán tó lè máa rìn lójú wa, mẹ́rìnlélógún ni yóò kọjá láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kò sí àgbàlagbà kan tí yóò jókòó fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ láti wo àwòrán ọmọdé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1937, wọ́n fi fíìmù náà, tí a ń pè ní Snow White, hàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìlú Los Angeles. Nígbà tí ó dé ibi tí àwọn aràrá yí òkú ọmọbìnrin náà ká, àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń fi aṣọ nu ojú. Nígbà tí yóò fi di òpin ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìwé Fágúnwà ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá.

Mo mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ní Ọ̀jọ́ wa níhìn-ín, ọjà Àlàbá kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni a ti ń kó àwo fíìmù lọ sí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí fóònù tó gba ipò àwo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn gbàgbọ́ pé òkè òkun ni a ti máa ń ra ìtàn abàmì. Àwọn mìíràn sọ fún mi pé àwọn ti dàgbà ju ìtàn iwin lọ, pé ọmọdé ni ó ń ka irú rẹ̀. Nígbà tí mo bá sì gbé ìwé náà lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní Yorùbá inú rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù, pé àgbà ni ó yẹ kí ó máa kà á. Èwo ni kí a wá gbà? Fágúnwà kò kọ ìwé kan fún ọmọdé kí ó tún kọ òmíràn fún àgbà. Ìwé kan ni ó kọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ṣe é. Nínú Ògbójú Ọdẹ, akọ̀wé kan jókòó, bàbá arúgbó kan sì tọ̀ ọ́ wá, ó ní kí ó mú gègé kí ó máa kọ ìtàn ayé òun sílẹ̀. Àkàrà-oògùn ni bàbá náà. Ọdẹ olóògùn ni bàbá tí ó bí i, àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ó wọ Igbó Irúnmọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó pàdé Àgbákò, ẹ̀dá abàmì tí ó ní ojú mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì jà. Ó pàdé Ẹ̀gbin, ẹni tí ìdọ̀tí ara rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n tí Fágúnwà fi ẹnu sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́. Mo ti ka ibẹ̀ sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sí ìgbà kan tí ẹ̀rín kò pa wọ́n títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọgbọ́n tí ó ń lò nìyí: kì í dárúkọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan kí ó kọjá. Ó lè sọ bí orí ẹ̀dá náà ti rí, kí ó sọ bí imú rẹ̀ ti rí, kí ó fi wé ohun tí ó wà ní ilé ìdáná, kí ó tún fi wé ohun tí ó wà ní oko, títí tí ohun náà yóò fi mí, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níwájú ẹni tí ń kà á. Bí ayàwòrán ti ń to àwòrán mẹ́rìnlélógún léra wọn kí apá tó lè gbé sókè, bẹ́ẹ̀ ni Fágúnwà ń to ọ̀rọ̀. Ọmọdé tí kò mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà yóò rí ẹ̀dá náà síbẹ̀, nítorí pé bí méjì bá rú u lójú, ẹ̀kẹta yóò yé e. Àgbà tí ó mọ gbogbo rẹ̀ yóò máa gbádùn bí ọ̀rọ̀ ti ń bá ọ̀rọ̀ jó.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà fún àgbà kò mọ sórí èdè. Ní apá ìkẹyìn ìwé náà, ọba rán Àkàrà-oògùn àti àwọn ògbójú ọdẹ mìíràn lọ sí Òkè Láńgbòdó, kí wọ́n lọ mú ohun tí yóò fún ìlú ní àlàáfíà wá. Ọ̀kan nínú wọn ni Kàkó, ẹni tí ó ní kùmọ̀ ẹkùn. Nígbà tí Kàkó ń lọ, obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe fi òun sílẹ̀. Kàkó yọ àdá, ó ṣá obìnrin náà pa, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọdé a máa kọjá ibẹ̀ kíákíá, nítorí pé ìrìn-àjò ni ó fẹ́ gbọ́, ó sì fẹ́ mọ ẹ̀dá tí wọn yóò tún pàdé. Nígbà tí mo kà á ní ọmọ ọdún méjìlá, èmi náà kọjá. Mo tún un kà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, lẹ́yìn tí mo ti gbéyàwó, mo sì pa ìwé náà dé. Irú ìlú wo ni a ó fi irú ikú bẹ́ẹ̀ wá àlàáfíà fún? Fágúnwà fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.

Mi ò ní sọ pé kò ní àbùkù. Ó fẹ́ràn ìwàásù. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé Òkè Láńgbòdó, Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n tí ilé rẹ̀ ní ojúlé méje, fi ọjọ́ méje kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ méje náà sì gùn lójú ẹni tí ń kà á. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa fò ó. Mo mọ̀, nítorí pé mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè láti inú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé olùkọ́ ni ó borí apìtàn níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní ọ̀sán tẹ̀ lé e dé ibi tí ó ti ń kọ̀wé ní alẹ́.

Lẹ́yìn Ọ̀yọ́, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Èkó àti ní ibòmíràn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ẹ̀kọ́ sí i, ó sì kọ ìwé Ìrìnàjò ní apá méjì nípa ohun tí ó rí. Ọdún 1949 jẹ́ ọdún ìkórè fún un, nítorí pé nínú ọdún náà ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde. Igbó Olódùmarè ni ó sọ ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-oògùn, kí a lè mọ ibi tí ọmọ ti mú ìgboyà. Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje tẹ̀ lé e ní ọdún 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní ọdún 1961. Ní ọdún 1955 ó gba ẹ̀bùn Margaret Wrong fún iṣẹ́ ìwé kíkọ, ní ọdún 1959 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá. Láàrin àkókò yìí kan náà, ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí ń tẹ ìwé jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn.

Ohun tí a ń wí nípa ọmọdé àti àgbà hàn dáadáa nínú ọ̀nà tí àwọn ìwé wọ̀nyí gbà tàn kálẹ̀. Ilé-ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé a gbé e délé, àwọn òbí tí kò mọ̀wé kà a sì ní kí ó jókòó kí ó kà á sókè. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tèmi ṣe sí mi. Bí mo bá ti ń yára ka ibi kan nítorí pé oorun ń kùn mí, yóò ní kí n padà, yóò ní ọkùnrin yìí kò kọ ọ́ kí a fi sáré.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, Fágúnwà rin ìrìn-àjò lọ sí ìhà Àríwá nítorí iṣẹ́ ìwé. Ó dé etí odò kan ní Wuya, nítòsí ìlú Bida, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé ènìyàn àti mọ́tò sọdá. Níbi tí ó gbé ń rìn ní bèbè odò náà ni ó ti ṣubú sínú omi, ó sì kú. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri pé àwọn iwin tí ó kọ ìwé nípa wọn ni wọ́n wá mú un lọ, pé ó tú àṣírí wọn. Mo ti gbọ́ ọ ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín, láti ẹnu ẹni tí kò tíì ka ojú ìwé kan nínú àwọn ìwé náà. Ilẹ̀ bèbè odò ni ó yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí pé àgbàlagbà ni àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Òkè-Igbó ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sin.

Ìwé rẹ̀ kò dúró. Ní ọdún 1968, Wọlé Ṣóyínká tú Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977, gbogbo aláwọ̀ dúdú ayé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà tí a ń pè ní FESTAC, eré tí Nàìjíríà sì gbé sórí ìtàgé níbẹ̀ ni Láńgbòdó, tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìwé kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Okokomaiko ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé tí a kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún náà nígbà tí ẹ bá ń gba ọ̀nà Badagry lọ sí Èkó. Festac Town ni.

Ní sáà tí ó kọjá, mo ka ìrìn-àjò Láńgbòdó fún kíláàsì mi ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan. Ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wá dúró lójú fèrèsé, n kò sì lé e. Nígbà tí agogo lù, àwọn ọmọ ní kí n tún padà ka ti Ẹ̀gbin kí wọ́n tó lọ sílé. Ẹ̀ṣọ́ náà dúró títí gbogbo wọn fi tán, ó wá bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní ìwé náà di ọjọ́ Ajé, nítorí pé òun fẹ́ tún ibi tí Kàkó ti pa obìnrin náà kà. Mo yá a.